A Kì Í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Ọ̀dọ́ Mùsùlùmí Níwájú Onígbàjámọ̀

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ àti ẹyìn ni fún Allah, Ọba tí ó dá ènìyàn ní ìdá tí ó dára, tí ó fi orí ṣe adé ara, tí ó sì fi irun ṣe ẹwà fún orí. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá òjíṣẹ́ Rẹ̀, Ànábì Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn Sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san.



Ọ̀rọ̀ irun orí ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lé. Ẹlòmíràn lè bèèrè pé kí ni ó wà nínú irun tí a ó fi pe àwùjọ Mùsùlùmí jọ nítorí rẹ̀, nígbà tí ìrun márààrún kò tíì fìdí múlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Òótọ́ ni pé irun orí kò tó ìrun kíkí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ni irun orí ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín bàbá àti ọmọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni wọ́n ti bú ní gbangba nínú mọ́sáláṣí nítorí irun rẹ̀, tí ó sì tipa bẹ́ẹ̀ fi ìrun jámáà sílẹ̀. Nígbà tí irun orí bá ti lè mú ènìyàn fi ìrun sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní kékeré.

ORÍ TÍ Ó NÍ NỌ́ḾBÀ

Kí olúkúlùkù fi ojú inú wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó fẹ́ gẹ irun ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, kí ó lè mọ́ tónítóní fún Jímọ̀ ọjọ́ kejì. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Àga wà níwájú dígí, kílípà rọ̀ lára ògiri, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ilé. Lókè dígí ni wọ́n lẹ pátákó ńlá kan mọ́, àwòrán orí ọkùnrin ni ó kún inú rẹ̀, orí kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ḿbà tirẹ̀. Onígbàjámọ̀ fi aṣọ bò ó láyà, ó bi í pé: "Èwo ni kí n ṣe fún ọ?" Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo pátákó, ó na ìka sí nọ́ḿbà kan, ó sì dákẹ́.

Kò pẹ́ púpọ̀, ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ méjèèjì ti ń dán. Ìlà irun kan ṣoṣo ni ó kù láti iwájú dé ìpàkọ́, ó dúró ṣánṣán bí ogbe àkùkọ. Ìgbà tí ó rí ara rẹ̀ nínú dígí ni ó tó rántí Jímọ̀. Ó dé ilé, ó fi fìlà bo orí. Ó dé mọ́sáláṣí, fìlà náà kò kúrò. Nígbà tí ó kan àlùwàlá ni wàhálà dé, nítorí pé ẹni tí yóò fi omi pa orí gbọdọ̀ ṣí fìlà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì sá lọ ṣe àlùwàlá ní kọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó jalè.

Kí ni àṣìṣe rẹ̀? Kò sọ̀rọ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí jókòó sórí àga, síbẹ̀ wọ́n fá orí rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé ara rẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èrò ọkàn rẹ̀ àti ẹ̀sìn rẹ̀ kò bá a wọlé. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ó fẹ́, ohun tí wọ́n bá gbé lé e lórí ni yóò rù.

IRUN ORÍ A MÁA SỌ̀RỌ̀

Láti ìgbà àtijọ́ ni irun orí ti ń sọ ọ̀rọ̀ tí ẹnu kò sọ. Ní ààfin Aláàfin ilẹ̀ Ọ̀yọ́, àwọn ìránṣẹ́ ọba kan wà tí à ń pè ní ìlàrí. Ara bí wọ́n ṣe ń la orí wọn ni orúkọ náà ti wá. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ṣàlàyé pé ìlàjì orí ni wọ́n máa ń fá fún wọn, tí wọ́n á sì dá irun sí ní àtàrí. Ibikíbi tí ìlàrí bá dé, kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í pé ta ni ó rán an níṣẹ́. Orí rẹ̀ ti dáhùn kí ẹnu rẹ̀ tó là. Ọba ni ó ni ín.

Bákan náà ni adóṣù. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi ènìyàn fún òrìṣà, wọn a fá orí rẹ̀, wọn a sín gbẹ́rẹ́ sí àárín orí, wọn a sì fi òṣù lé e. Láti ọjọ́ náà lọ, orí ti di ti òrìṣà. Nígbà tí wọ́n kó àwọn baba ńlá wa lẹ́rú la òkun kọjá, àṣà náà bá wọn lọ. Ní ìpínlẹ̀ Bahia ní ilẹ̀ Brazil, adoxu ni wọ́n ṣì ń pe ẹni tí wọ́n ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ fún títí di òní.

Àwọn òyìnbó náà kò gbẹ́yìn. Ní ìlú London, láti nǹkan bí ọdún 1976 lọ, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pe ara wọn ní punk bẹ̀rẹ̀ sí í fá orí ní àfásókè, wọ́n ń kun irun ní aró pupa àti aró ewé. Ohun tí irun náà ń sọ fún ìjọba àti fún àwọn àgbà wọn ni pé àwọn kò bá wọn ṣe mọ́.

Ìlàrí, adóṣù àti ọ̀dọ́ London, ilé ẹ̀kọ́ kan náà kọ́ ni wọ́n ti jáde. Ṣùgbọ́n ohùn kan ni irun wọn ń fọ̀: ó ń sọ ẹni tí ó ni orí. Ìbéèrè tí ó wà níwájú ọ̀dọ́ Mùsùlùmí kò ju èyí lọ: ta ni irun orí tirẹ̀ ń jẹ́rìí sí?

Ẹ̀sìn Islam kò dákẹ́ lórí ìbéèrè yìí. Ní ọjọ́ keje tí a bí ọmọ ni Sunnah ní kí a fá orí rẹ̀, kí a sọ ọ́ lórúkọ, kí a sì pa ẹran akikah rẹ̀. Ọmọ náà kò lè sọ̀rọ̀ nígbà náà, òbí rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀ fún un pé ẹrú Ọlọ́hun ni. Bí ó bá dàgbà tí Ọlọ́hun sì pè é sí ilé Rẹ̀ ní Makkah, yóò tún fi orí rẹ̀ sílẹ̀ fún abẹ nígbà tí ó bá ń parí iṣẹ́ Hajj. Al-Qur'an Alápọ̀n-ọ́nlé dárúkọ àwọn tí wọ́n fá orí àti àwọn tí wọ́n gẹ irun mọ́lẹ̀ nínú Sūrah Al-Fat-h, āyah 27. Láàárín ọjọ́ keje àti ọjọ́ Hajj, ẹnu olórí fúnra rẹ̀ ni a ń retí ọ̀rọ̀ láti.

OHUN TÍ ÀNÁBÌ KỌ̀

Ibn Umar (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí òun àti bàbá rẹ̀) ni ó gbà á wá pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ qaza' fún wa. Inú àkójọ Bukhari àti ti Muslim ni hadith náà wà. Ní èdè Lárúbáwá, àjákù ìkúukùu tí ó fọ́n káàkiri ojú sánmà ni qaza': ibì kan ṣú, ibì kan mọ́. Wọ́n wá fi orúkọ náà pe orí tí wọ́n fá apá kan rẹ̀ tí wọ́n sì dá apá kan sí.

Ohun tí ó wúni lórí nínú hadith náà ni pé nígbà tí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n gbà á wá pé kí ni ó ń jẹ́ qaza', ọwọ́ ni ó fi ṣe àlàyé. Ó tọ́ka sí iwájú orí rẹ̀, ó tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ó lè yé ènìyàn pé bí wọ́n bá fá orí ọmọ tí wọ́n sì dá irun sí níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, ohun tí Ànábì kọ̀ nìyẹn. Nínú àkójọ Abu Dawud, Ànábì rí ọmọ kan tí wọ́n fá apá kan orí rẹ̀. Ó kọ̀ ọ́ fún wọn, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n fá gbogbo rẹ̀ tàbí kí wọ́n fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kò na ọmọ náà. Kò lé e lọ. Àwọn tí wọ́n fá a ni ó kọ́ lẹ́kọ̀ọ́.

Kí ni ìdí rẹ̀? Onímímọ̀ ńlá nì, Ibn al-Qayyim, ẹni tí ó kú ní ọdún 1350, mú àlàyé wá láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ rẹ̀, Ibn Taymiyyah, pé ọ̀rọ̀ déédéé ni. Ọlọ́hun fẹ́ kí ènìyàn ṣe déédéé títí kan ara òun fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó fá apá kan orí tí ó fi apá kejì sílẹ̀ dà bí ẹni tí ó wọ aṣọ fún apá kan ara tí ó fi apá kejì sílẹ̀ ní ìhòòhò. Ìdí kan náà ni Ànábì fi kọ̀ kí ènìyàn máa fi bàtà ẹsẹ̀ kan rìn.

Ní ti ìdájọ́ rẹ̀, Imam An-Nawawi, ẹni tí ó kú ní ọdún 1277, sọ pé àwọn onímímọ̀ fi ẹnu kò pé ohun ìkórìíra ni, èyí tí à ń pè ní makruh, àfi bí ó bá jẹ́ nítorí ìtọ́jú àìsàn. Bí dókítà bá fá apá kan orí láti rán ọgbẹ́, kò sí ẹ̀bi níbẹ̀. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé àwọn ọ̀dọ́, kí ó sì yé àwọn alàgbà pẹ̀lú. Ọ̀dọ́ kò gbọdọ̀ sọ pé makruh lásán ni, kí ó wá sọ ọ́ di àṣà. Alàgbà náà kò gbọdọ̀ sọ ẹni tí ó ṣe é di kèfèrí.

Ìbéèrè kan kò ní ṣàì jáde: irun tí wọ́n gẹ mọ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, tí ó ń ga díẹ̀díẹ̀ bọ̀ wá sí àtàrí ńkọ́? Fífá yàtọ̀ sí gígẹ. Ohun tí ó hàn nínú hadith ni fífá apá kan. Nítorí náà ni àwọn onímímọ̀ kan ṣe sọ pé bí irun bá ṣì wà yí orí ká, bí ó tilẹ̀ kéré ní ibì kan ju ibòmíràn lọ, kò tíì di qaza'. Àwọn mìíràn sì ń kìlọ̀ pé bí ìyàtọ̀ náà bá ti pọ̀ jù, ó ti sún mọ́ ohun tí Ànábì kọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọkàn òun balẹ̀, kí ó jìnnà sí etí odò, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà yọ̀.

OHUN TÍ ÀNÁBÌ KÒ KỌ̀

Àwọn alàgbà kan rò pé irun gígé mọ́lẹ̀ nìkan ni irun Mùsùlùmí. Ìtàn ìgbésí ayé Ànábì kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Irun rẹ̀ a máa gùn dé ìsàlẹ̀ etí, nígbà mìíràn ó máa ń kan èjìká. Umm Hani sọ pé nígbà tí ó wọ Makkah, irun rẹ̀ wà ní dídì ní ọ̀nà mẹ́rin. Ibn Abbas sì sọ pé Ànábì kọ́kọ́ máa ń jẹ́ kí irun rẹ̀ wálẹ̀ sí iwájú bí ti àwọn Ahlul-Kitab, lẹ́yìn náà ni ó wá ń là á sí méjì.

Bí ẹnì kan bá wá fi irun gígùn sílẹ̀ lónìí, tí ó mọ́, tí ó fi òróró sí i, tí ó yà á dáradára, kò sí ẹni tí ó lè fi Sunnah bá a jà. Síbẹ̀ àwọn onímímọ̀ rọ Mùsùlùmí pé kí ó wo àṣà ibi tí ó ń gbé. Ohun tí ó jẹ́ irun àwọn ọkùnrin ọlọ́lá ní Madinah nígbà náà lè jẹ́ irun tí wọ́n fi ń mọ onírúkèrúdò ní ìlú mìíràn. Bí irun bá sọ ọkùnrin di ohun tí ènìyàn yóò rò pé obìnrin ni, èyí kò tọ́, nítorí pé Ànábì gbé ọkùnrin tí ó bá ń fi ara wé obìnrin ṣépè, ó sì gbé obìnrin tí ó bá ń fi ara wé ọkùnrin ṣépè.

Irun dàda ńkọ́? Ọmọ tí Ọlọ́hun dá ti irun tí ó ta kókó kò ṣẹ̀. Ohun tí Islam kò gbà ni ìgbàgbọ́ pé dàda ní ẹ̀mí tirẹ̀, pé a kò lè gé e láìṣe ètùtù, tàbí pé ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn án gbọdọ̀ san owó. Dàda kò lè ṣe oore, kò sì lè ṣe ibi. Irun ni, Ọlọ́hun ni ó dá a.

Ànábì sì pàṣẹ pé kí ẹni tí ó bá ní irun bu ọlá fún un. Ó rí ọkùnrin kan tí irun rẹ̀ rí wúruwùru, ó bèèrè bóyá ẹni náà kò rí ohun tí yóò fi tọ́jú irun rẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹni tí ó fi irun rẹ̀ sílẹ̀ ní ìdọ̀tí tí ó ní òun ń sá fún ayé, kò tíì mọ ọ̀nà tí Ànábì tọ̀.

ÌBÉÈRÈ MẸ́TA KÍ O TÓ JÓKÒÓ

Kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí tó jókòó sórí àga onígbàjámọ̀, kí ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta.

Èkínní: Ǹjẹ́ wọn yóò fá apá kan kí wọ́n dá apá kan sí? Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, kí ó yan òmíràn.

Èkejì: Ta ni mo fẹ́ jọ? Ànábì kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá ń fi ara wé ìjọ kan, ara wọn ni yóò kà sí. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí àtijọ olórin kan tí ìgbésí ayé rẹ̀ kún fún ọtí àti àgbèrè ni, kí ó mọ̀ pé irun nìkan kọ́ ni ó ń yá lọ́wọ́ ẹni náà.

Ẹ̀kẹta: Ǹjẹ́ mo lè ṣí fìlà níwájú Lèmọ́mù, níwájú ìyá mi, àti nídìí omi àlùwàlá? Orí tí ó bá nílò ibi ìfarapamọ́, ọkàn olórí ti dá a lẹ́jọ́.

BÍ Ó ṢE YẸ KÍ A SỌ Ọ́ FÚN ONÍGBÀJÁMỌ̀

Àpẹẹrẹ tí ó dára jù nínú ọ̀rọ̀ yìí wá láti Mina, ní ọdún 632, nígbà Hajj ìdágbére. Anas ọmọ Malik gbà á wá, ó sì wà nínú àkójọ Muslim, pé lẹ́yìn tí Ànábì ti ju òkò tí ó sì ti gún ẹran, ó pe onígbàjámọ̀. Ó ní kí ó fá a, ó sì na ọwọ́ sí apá ọ̀tún orí rẹ̀. Nígbà tí èyí parí, ó na ọwọ́ sí apá òsì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pín irun náà fún àwọn ènìyàn.

Ẹ wo ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀. Ẹni tí ó ní ọlá jù nínú ẹ̀dá jókòó níwájú onígbàjámọ̀, kò dákẹ́, kò sì ní kí ó ṣe é bí ó bá ṣe mọ̀. Ó sọ ohun tí ó fẹ́, ó fi ọwọ́ hàn án ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí yóò parí sí. Bí Ànábì bá lè ṣe àlàyé orí rẹ̀ fún onígbàjámọ̀, ìtìjú wo ni ó kù fún ọ̀dọ́ Mùsùlùmí?

Kí a wá dá ọ̀dọ́mọkùnrin ìṣáájú padà sí ṣọ́ọ̀bù náà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ti mọ ohun tí ó fẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá."

"Káàbọ̀, àbúrò. Èwo nínú wọn?"

"Ọ̀gá, mi ò mú nínú ti ara ògiri. Ẹ bá mi gẹ gbogbo rẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà yí orí ká. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi abẹ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀."

"Wọn kì í ṣe é bẹ́ẹ̀ mọ́ o. Jẹ́ kí n fá ẹ̀gbẹ́ yẹn sókè díẹ̀, wàá rí i bí yóò ṣe yẹ ọ́ tó."

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín dá a. Mùsùlùmí ni mí, ẹ̀sìn wa kò fẹ́ kí á fá apá kan kí á dá apá kan sí. Bí ẹ bá máa fá, ẹ fá gbogbo rẹ̀."

"Gbogbo rẹ̀ kẹ̀? Ó tó, jẹ́ kí n gẹ ẹ́ dọ́gba fún ọ. Ṣé kí n tọ́ iwájú rẹ̀?"

"Ẹ tọ́ ọ kí ó gún, ṣùgbọ́n kí ẹ má wọnú irun lọ."

Kò sí ìjà níbẹ̀, kò sí wáàsí gígùn. Ọ̀rọ̀ náà kò ju gbólóhùn díẹ̀ lọ. Ó kí onígbàjámọ̀, ó bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀, ó sọ ohun tí ó fẹ́ àti ohun tí kò fẹ́ kí kílípà tó dún, ó sì sọ ìdí rẹ̀ láìtijú. Ó ṣeé ṣe kí onígbàjámọ̀ náà máa rò ó lẹ́yìn tí oníbàárà ti lọ pé ẹ̀sìn wo ni èyí tí ó mọ ìwọ̀n irun orí. Dáwah ni èyí jẹ́.

Àwọn nǹkan díẹ̀ kù tí ó yẹ kí ó rántí. Kí ó bèèrè iye owó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí àríyànjiyàn má baà wà nígbẹ̀yìn. Kí ó bèèrè fún abẹ tuntun, kí ó sì ní kí wọ́n fi sípíríìtì nu ẹnu kílípà, nítorí pé làpálàpá a máa ti ara kílípà dé orí, kòkòrò tí ń fa àrùn éèdì àti èyí tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ sì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí abẹ àlòkù gbé. Bí ọwọ́ onígbàjámọ̀ bá sì ṣì í tí apá kan orí di fífá, kí ó má bínú. Ọ̀nà àbáyọ ti wà nílẹ̀: kí wọ́n fá gbogbo rẹ̀. Irun yóò tún hù.

Àwọn arábìnrin náà ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kí arábìnrin yan onídìrí tí ó jẹ́ obìnrin, ní ibi tí ojú ọkùnrin kò tó. Kí ó sọ fún un ní ìbẹ̀rẹ̀ pé òun kò fẹ́ kí wọ́n fi irun ẹlòmíràn kún tòun, nítorí pé Ànábì fi ẹni tí ń so irun mọ́ irun àti ẹni tí ó ní kí wọ́n so ó fún òun gégùn-ún. Onídìrí tí kò bá gbọ́ àlàyé ṣáájú kò jẹ̀bi ohun tí ó bá ṣe.

Ó sì wà lọ́rùn Mùsùlùmí tí ó ń ṣe iṣẹ́ onígbàjámọ̀. Iṣẹ́ tí ó ní ọlá ni, nítorí pé ọwọ́ àwọn tí wọ́n ń ṣe irú rẹ̀ ti kan orí Ànábì. Bí oníbàárà bá na ìka sí orí tí kò tọ́, kí ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ fi òmíràn tí ó dára lọ̀ ọ́. Sūrah Al-Mā'idah, āyah 2, pa á láṣẹ pé kí a ran ara wa lọ́wọ́ lórí oore, kí a má ṣe ran ara wa lọ́wọ́ lórí ẹ̀ṣẹ̀. Kí ó sì tún pátákó tí ó wà lára ògiri rẹ̀ wò, kí ó yọ àwọn orí tí kò fẹ́ kí ọmọ òun gbé.

Ọ̀RỌ̀ FÚN ÀWỌN ALÀGBÀ

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe yìí ni àwọn alàgbà kan ń pa nígbà tí wọ́n bá ń lé ọ̀dọ́ tí ó gẹ irun àràmàǹdà jáde ní mọ́sáláṣí. Kí wọ́n tún òwe náà gbọ́. Ẹni tí orí ọmọ wọ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, wọn a tún orí ọmọ náà ṣe ni. Kò sí àgbà tí ó ń já ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn ìyá nítorí pé orí rẹ̀ wọ́. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ẹ wo bí Ànábì ṣe ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọ Ja'far. Wọ́n pa Ja'far lójú ogun Mu'tah ní ọdún 629. Ànábì fi ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀ fún àwọn ará ilé rẹ̀, lẹ́yìn náà ó wá bá wọn, ó ní kí ẹkún tó, ó ní kí wọ́n pe àwọn ọmọ náà wá. Lẹ́yìn náà ó ránṣẹ́ pe onígbàjámọ̀, ó sì ní kí ó fá orí wọn. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ta ni yóò rántí irun orí rẹ̀? Ànábì rántí. Ìfẹ́ ni ó fi tọ́jú orí ọmọ aláìní bàbá. Alàgbà tí ó bá fẹ́ kí ọ̀dọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ òun lórí irun, ẹ jẹ́ kí ọ̀dọ́ náà kọ́kọ́ rí ìfẹ́ rẹ̀ lórí ohun mìíràn.

Ẹ tún wo ọjọ́ Hudaybiyah, ní ọdún 628. Ànábì pàṣẹ fún àwọn Sàhábà pé kí wọ́n dìde, kí wọ́n gún ẹran, kí wọ́n sì fá orí. Ìbànújẹ́ àdéhùn ọjọ́ náà ti wọ̀ wọ́n lọ́kàn, ẹnikẹ́ni kò dìde, bí ó tilẹ̀ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wọlé tọ ìyàwó rẹ̀, Umm Salamah, ó sì ro ẹjọ́ náà fún un. Ìmọ̀ràn obìnrin ọlọ́gbọ́n náà ni pé kí ó jáde, kí ó má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kí ó gún ẹran tirẹ̀, kí ó sì pe onígbàjámọ̀ kí ó fá orí tirẹ̀. Ànábì ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i, gbogbo wọn dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fá orí ara wọn. Ohun tí àṣẹ ẹ̀ẹ̀mẹta kò ṣe, àpẹẹrẹ ẹ̀ẹ̀kan ṣe é. Bàbá tí ó bá fẹ́ kí ọmọ òun gẹ irun tí ó tọ́, kí àwọn méjèèjì jọ lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀.

Ìdájọ́ tí ó ń ti ara irun wá lè di àbòsí ńlá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà jáde sí ìgboro láti bèèrè pé kí ìjọba tú ẹ̀ka ọlọ́pàá SARS ká, ọ̀kan nínú ẹ̀sùn wọn ni pé irun dàda orí ọ̀dọ́ lásán ti tó fún ọlọ́pàá láti pè é ní gbájúẹ̀. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù náà, ọ̀gá ọlọ́pàá kéde pé wọ́n ti tú ẹ̀ka náà ká. Ohun tí ọ̀dọ́ sá fún lójú pópó, kí ó má ṣe tún bá a nínú mọ́sáláṣí. Bí ó bá wọlé pẹ̀lú irun tí kò tọ́, kí a kọ́kọ́ fún un ní àyè láti kírun. Lẹ́yìn sàlámà, kí ẹnì kan tí ó mọ̀ ọ́n pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó bi í nípa ilé àti iṣẹ́ rẹ̀, kí ó tó dé orí irun. Irun tí kò tọ́ kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ kí ó tó hù kún. Ọkàn tí a bá lé jáde, ó lè má padà láéláé.

ÌPARÍ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, orí yín kì í ṣe ti onígbàjámọ̀, kì í ṣe ti olórin, kì í ṣe ti pátákó tí ó ní nọ́ḿbà. Ti Ọlọ́hun ni, Ó sì fi í ṣọ́ yín. Ìgbà mẹ́ta ni Ànábì ṣe àdúà fún àwọn tí wọ́n fá orí wọn nígbà Hajj, kí ó tó ṣe ẹ̀ẹ̀kan fún àwọn tí wọ́n gẹ irun mọ́lẹ̀. Orí tí ó bá wà ní ìrètí irú àdúà bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí olórí mọ ohun tí yóò sọ nígbà tí onígbàjámọ̀ bá bèèrè pé, "Èwo ni kí n ṣe fún ọ?"

Kí Ọlọ́hun Ọba fi ìmọ̀ àti ìgboyà jíǹkí àwọn ọ̀dọ́ wa. Kí Ó fún àwọn alàgbà ní sùúrù àti ọgbọ́n. Kí Ó má jẹ́ kí irun orí ya ẹnikẹ́ni nínú wa kúrò lára ìrun. Kí Ó ka gbogbo wa yẹ láti dé Makkah, kí a jókòó sí Mina, kí abẹ kan orí wa nítorí Rẹ̀. Āmīn.